Dírágónì Inú Àpò Bíbélì

Mo kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ìwé. Ìwé kan pàtó ni mo kórìíra, èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ sọ di òrìṣà. Àgbàlagbà méjì ni wọ́n o. Ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ní bàyọ́lọ́jì nílé ìwé girama, èkejì ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n á máa bára wọn jà lórí ẹni tí oyè ìlú kan tọ́ sí, ìlú tí kò sí níbì kankan láyé tí à ń gbé yìí. Bí a bá ní kí wọ́n wá sọ ẹni tí oyè tọ́ sí ní àdúgbò tiwọn gan-an, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ìwé náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdìpọ̀ mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Nígbà kan tí èmi àti ọmọ náà jọ ń rẹ́ ilá, mo ní kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo ń bú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n lé ọmọbìnrin ọba kan kúrò nílùú, ó wá lọ ń gbé inú òkè pẹ̀lú dírágónì, ejò ńlá kan tó ní ìyẹ́ apá, tó ń fò, tó ń yọ iná lẹ́nu, tó sì tún ń rojọ́ bí agbẹjọ́rò. A rẹ́ ilá tán, mo dà á sí ìkòkò, ilá jinná, a jẹun, ìtàn ò tíì kúrò ní ìdìpọ̀ kìíní. Mo ní ó tó, kó lọ fọ àwo.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pàdé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ẹbí bá wọn wá ẹni sí i. Inú takisí tó ń bọ̀ láti Adó ni tiwọn. Awakọ̀ ti fún èèyàn mẹ́rin pọ̀ sẹ́yìn bí ìṣe wọn, ọmọkùnrin náà sì ṣí ìdìpọ̀ kẹta lé orúnkún, ó ń kà á. Ọmọ tiwa jókòó tì í, ó na ọrùn, ó ń bá a kà á láìgbàṣẹ. Nígbà tí onítọ̀hún fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì, ọmọ wa di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó dúró, òun ò tíì kà á dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé màá bá òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà yẹn ò jìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti jà lórí ọmọ ọba náà, wọ́n ti parí ìjà, wọ́n sì ti gba nọ́ńbà ara wọn.

Láti ìgbà náà ni ojú wa ti rí nǹkan. Wọ́n ní àwọn ará ìlú inú ìwé náà ní bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn: èèyàn á fi ìka kan iwájú orí ara rẹ̀, á sì fi kan ti ẹnìkejì. Ẹnu ọ̀nà àbájáde wa ni wọ́n ti ń ṣe é, ní gbangba. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lódìkejì títì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí tàánútàánú bóyá orí ló ń fọ́ àwọn ọmọ náà, pé òun ní àgbo kan. Mo ní kó tọ́jú àgbo rẹ̀, irú orí fífọ́ yẹn kò gbóògùn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti Olósùnta. Àpáta yẹn wà lókè orí wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní í rí i. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà lábẹ́ rẹ̀, kò bèèrè lọ́wọ́ àgbà kankan rí pé kí ni ìtàn òkè yìí. Ìgbà tó rí òkè nínú ìwé òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì dúró lójú títì, ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn, wọ́n ń na ọwọ́ sí àpáta, wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni dírágónì àwọn ń gbé. Dírágónì wọn! Àwọn tó ni òkè wà láàyè, àwọn ọmọ yìí ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ ìtàn ilé rẹ̀, tó lọ há ti ìlú àlá sórí, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, ẹni tí mo tún ní ẹ̀gàn púpọ̀ sí i fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tó ti di alàgbà, kò sọ èdè Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Yorùbá orí pẹpẹ ló fi ń bèèrè omi mímu. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, èmi náà sì ti di opó, ni mo bá kó wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti bá a tọ́ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lu ọmọ. Kò nílò rẹ̀. Bó bá ti wúkọ́ nínú pálọ̀, gbogbo ilé á dákẹ́.

Nígbà tí ọmọ náà wà ní girama, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yá a ní ìdìpọ̀ kìíní ìwé náà. Bàbá rẹ̀ rí àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Ó ní ẹni tí wọ́n ń pè ní dírágónì nínú Bíbélì, Èṣù ni, Èṣù ò sì ní bá òun gbé. Ó kó gbogbo wa jọ sí ilé ìdáná, ó gbàdúrà gígùn, ó sì sọ ìwé oníwèé sínú iná tí mo fi ń sun iṣu. Iṣu mi di èédú. Ọmọ náà ò sunkún, ó dúró títí ìwé fi jó tán, ó wá bèèrè bóyá òun lè lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá òun.

Ó dàgbà, ó kàwé, ó gba iṣẹ́. Ọkọ méjì ló mú wálé, bàbá rẹ̀ sì lé àwọn méjèèjì. Ó lé èkíní torí pé ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nígbà àdúrà. Ó lé èkejì torí pé bàbá onítọ̀hún máa ń bá wọn gun òkè lọ́jọ́ ọdún Olósùnta. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí èyí èkejì, mo bi í pé ta ló rò pé bàbá tirẹ̀ ń gbé ewúrẹ́ lọ fún lórí òkè náà nígbà ayé rẹ̀? Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí oṣù fi parí. Nígbà tí ọmọ náà máa fi pàdé ọmọkùnrin inú takisí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀ láìbi í.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mi méjèèjì wá dọ́gbọ́n, ọgbọ́n tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá á fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ bá aránbàtà kan lẹ́bàá ọjà, wọ́n ní kó bá àwọn rán àpò aláwọ dúdú onísíìpù méjì, irú èyí tá a fi ń wọ Bíbélì, pẹ̀lú àgbélébùú aláwọ̀ wúrà níwájú. Ìdìpọ̀ ìwé dírágónì ni wọ́n kì bọ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà, kò síbi tí wọn ò kà á dé. Wọ́n kà á níbi ìsọjí. Wọ́n kà á ní kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì. Wọ́n kà á nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, lórí àga rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà tí òun fúnra rẹ̀ bù fún wọn, òun náà á sì jókòó tì wọ́n, á máa ka Bíbélì tirẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn.

Ó gbà wọ́n gbọ́ pátápátá. Àwọn ọlọ́gbọ́n bíi tirẹ̀ ló rọrùn jù láti tàn jẹ, torí wọn ò lérò pé ẹnikẹ́ni lè dán an wò. Gbogbo ìpàdé àwọn alàgbà ló ti ń sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin inú takisí náà, tó jẹ́ ọmọ Emùré, pé Bíbélì ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé bó bá ń kà á, ojú rẹ̀ á máa dán, pé òun ò rí ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi ọmọkùnrin náà ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù. Mo wà níbẹ̀. Mo rí àwọn ìyá tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọkùnrin tiwọn.

Bí mo ṣe mọ̀ ni pé mo gbàgbé Bíbélì mi sílé lọ́jọ́ ìkórè. Wọ́n pe ibi kíkà, mo fa ti ọmọ náà láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fa síìpù, ejò ńlá kan ya ẹnu sí mi. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Nígbà tá a délé, mo bú u débi pé ẹnu ro mí. Mo ní ojú ò tì í, ìyá olùkọ́ bíi tirẹ̀, tó ń fi ìwé pamọ́ bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Àǹtí, bí Bàbá bá mọ̀, kò ní jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

Mo ní ṣé kò lè fẹ́ ẹ láìsọ fún bàbá ni, ṣebí ó ti dàgbà. Ó ní ìyá òun ò sí, ẹni kan ṣoṣo tó kù tó lè gbé ọwọ́ lé òun lórí kó súre nìyẹn, òun ò fẹ́ wọ ilé ọkọ láìsí i. Mo bá wọn pa á mọ́. Ẹ má rò pé àánú ìwé wọn ló ṣe mí. Ó ti sú mi láti máa rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ń lé ọkọ ọmọ bí ẹni ń lé adìẹ.

Ọjọ́ ìdána pé. Mo wá fẹ́ kí ẹ mọ ìyá ọkọ, torí òun ló dá wàhálà sílẹ̀, kò sì mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá kan tó ń ṣòwò epo pupa ní Emùré ni, ọlọ́yàyà, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń pe ilé ní "ulé", iṣu ní "uṣu" fàlàlà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ ti ra Bíbélì tuntun, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní kó gbé e sínú ẹrù ìdána. Ìyá náà wo èyí tó wà nínú ọ̀rá, ó wo àpò dúdú orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, èyí tó máa ń rí lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó rò ó pé kí la fẹ́ fi Bíbélì tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbàdúrà lé lórí ṣe? Ó fi tuntun sílẹ̀ sílé, ó so òrùka mọ́ àpò dúdú.

Ẹni tó bá ti lọ síbi ìdána rí mọ ibi tó kù. Wọ́n á kó ẹrù kalẹ̀, iṣu, oyin, obì, àpótí aṣọ, wọ́n á ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù. Ìyàwó á rìn yí ẹrù ká bí ẹni tó ń rò ó, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó ń rò, Bíbélì ló gbọ́dọ̀ mú, ara rẹ̀ ni òrùka wà. Ẹ̀gbọ́n mi tún wá fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ti kéde pé ọmọ òun máa ṣí Bíbélì ọkọ rẹ̀, á ka Sáàmù kan síta létí gbogbo èèyàn kí òrùka tó wọ ọwọ́. Ó fẹ́ ṣe fọ́ńté ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin tá a háyà láti darí ètò fún wa ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú. Kó tó mú un, ìyá ọkọ dìde, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé Bíbélì tí òun gbé wá kì í ṣe tuntun, èyí tí ọmọ òun ń kà tọ̀sán-tòru ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí bí ọba. Mo wo ọmọkùnrin náà, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò rí i pa dé.

Ọmọ wa gbé àpò náà. Bó ṣe gbé e ni mo rí i pé ó ti mọ̀, torí ó mọ ìwúwo àwọn ìwé yẹn bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń mọ ti ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fa síìpù. Ó ṣí i sí àárín gbùngbùn, ó gbé e súnmọ́ àyà, ó sì ka Sáàmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Orí ló ti ń kà á. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ọ nígbà àdúrà òwúrọ̀. Ó tilẹ̀ tọ́ itọ́ sí ìka, ó ṣí ojú ìwé kan láàárín. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ yìí ṣi iṣẹ́ yàn, iṣẹ́ tíátà ló yẹ kó ṣe.

À bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó na ọwọ́, ó ní kí ó gbé e wá, òun fúnra òun ló máa fi ka ìbùkún. Mo ní kí Pásítọ̀ kúkú gbàdúrà, pé iyán ń tutù. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Ọmọ náà di ìwé mú díẹ̀, ó sì fi sílẹ̀, torí kí ló tún kù tó lè ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí àwòrán náà lódì: ìyẹ́, èékánná, iná. Ó wò ó. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó wò ó. Ọmọkùnrin Emùré dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dọ̀bálẹ̀, àwọn èèyàn sì tún pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ náà ò wo ilẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Ó wá ki ìbùkún láti orí, pẹ̀lú ìwé dírágónì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń lọ lójú ìwé láti òsì sí ọ̀tún, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. Ó fa síìpù, ó tú òrùka, ó fi lé Pásítọ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó súre fún un.

Mo jókòó síbẹ̀, ẹ̀gàn ń gùn mí. Ẹ wo alàgbà. Ẹ wo ẹni tó ń lé ọkọ ọmọ torí ṣingọ́ọ̀mù, tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ parọ́ níwájú Pásítọ̀, kí ìdílé méjì má baà mọ̀ pé wọ́n ti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mi ò gbà pé nǹkan mìíràn ni. Ìgbéraga ló bá wọn pa àṣírí mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbéraga.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀, ó pe ọmọ náà, ọmọ náà sì wá kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkè lára. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ti múra ìjà. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu. Màá sọ fún un pé ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, pé tirẹ̀ nìkan ni mo rí tó jẹ́ òsì méjèèjì.

Kò pariwo. Ó bi í pé láti ìgbà wo. Ọmọ náà ní láti ìgbà tí àwọn ti mọ ara àwọn. Ó bi í pé ṣé nínú pálọ̀ yìí náà ni, nígbà tí òun jókòó tì wọ́n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa tún sọ̀rọ̀, Yorùbá orí pẹpẹ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí ìyá wa ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé bí ẹ̀rù mi ṣe ń bà ọ́ tó nínú ulé yìí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ gíláàsì rẹ̀, ó gbé e lé itan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu, mi ò rí ọ̀kan lò nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló ní kó dìde. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ó pè é ní "ọmọ mi".

Ọmọ náà ò dìde. Èmi ló yíjú sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí lójú láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn.